Òrìṣà Líle Lórí Bébà Kékeré

Orí adé rẹ̀ ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Adé wúrà ni, ó ní ṣóńṣó bí òdòdó tí kò tíì là, ohun tútù kan sì ń dán yinrinyinrin lára rẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ rò pé òkúta iyebíye ni ayàwòrán fi ọ̀dà yà síbẹ̀. Ìgbà tí ojú bá rọ̀ mọ́ ọn díẹ̀ sí i ni yóò tó hàn pé kì í ṣe ọ̀dà rárá. Èèpo ẹ̀yìn kòkòrò ni, èyí tí ó le, tí ó máa ń bo ìyẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí kò bá fò. Ayàwòrán gé e wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Bí ẹni tí ó mú àwòrán náà dání bá yí ọwọ́ díẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ ewé á di aró, aró á di wúrà, wúrà á tún padà di ewé. Ẹ̀yìn èyí ni ojú á tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí adé, tí yóò rí eyín gígùn tí ó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu òrìṣà náà, tí yóò rí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì rí i nínú àwòrán mìíràn pé òkú ni ó fi ṣe ìjókòó.

Báyìí ni wọ́n ṣe ya Devi ní Basohli, ìlú kan létí odò Ravi ní agbègbè olókè Jammu, ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà, láàárín ọdún 1660 sí 1670. Devi ni òrìṣà obìnrin tí àwọn tí ń sìn ín nínú ẹ̀sìn Híńdù gbà pé òun ni agbára tí ó wà lẹ́yìn gbogbo òrìṣà yòókù. Ọ̀wọ́ àwòrán kan ni mò ń sọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tantric Devi. Ìrísí òrìṣà yìí kan ni ó wà lórí bébà kọ̀ọ̀kan, ewì ní èdè Sanskrit tí ó ń ṣàpèjúwe ìrísí náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Olùfọkànsìn á ka ẹ̀yìn, á yí bébà padà, á sì wo ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nípa rẹ̀. Bébà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ.

Ohun tí mo rí nínú ìwọ̀n kékeré yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ère ńlá inú ilé òrìṣà, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Èrò ń tì wá lẹ́yìn, àwòrò dúró níwájú. Bébà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkáwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà, bóyá orí itan rẹ̀ pàápàá, ojú rẹ̀ àti ojú òrìṣà kò sì ju ìgbọ̀nwọ́ kan síra wọn. Kò sí ẹni tí ó ń súnmọ́ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, àyàfi tí ó bá ti mọ̀ pé ti òun ni nǹkan náà ń ṣe. Èyí ni mo ṣe gbà pé ìbínú abiyamọ ni àwọn ayàwòrán wọ̀nyí yà. Àwọn àgbà wa ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Òrìṣà orí bébà yìí ti gbọ́ ẹkún náà ná. Ojú tí ó fi jáde síta ni a ń wò.

Kò yani lẹ́nu pé orí òkè ni irú iṣẹ́ ọnà yìí ti fìdí múlẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè Himalaya, láti Jammu títí dé Kangra àti Mandi, kún fún ojúbọ òrìṣà obìnrin. Ní Jwalamukhi, ní agbègbè Kangra, iná gan-an ni wọ́n ń bọ: iná tí gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ń mú jó láti inú pàlàpálá òkúta, tọ̀sán-tòru. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí ẹ̀yà ara òkú Sati, aya òrìṣà Shiva, ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ bọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé ohun tí ó ń jóni náà ni ó ń lani lójú lóru. Láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọba kéékèèké orí òkè, ti Basohli, ti Nurpur, ti Guler, ti Mandi, ti Kangra, ti ń gba àwọn ayàwòrán sọ́dọ̀, tí wọ́n sì ń bọ́ wọn.

Ìwé tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ti ń mumi ni Devi Mahatmya, tí ó ti wà láti nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, olórí 13, ẹlẹ́sẹ 700. Nínú rẹ̀, àǹjọ̀nú kan tí ń jẹ́ Mahishasura, tí ó máa ń gbé àwọ̀ ẹfọ̀n wọ̀, lé àwọn òrìṣà kúrò lọ́run. Inú bí wọn. Ìbínú kálukú wọn jáde lára rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà papọ̀, ó sì di obìnrin kan: Durga, ọ̀kan nínú ìrísí Devi. Shiva fún un ní ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Vishnu fún un ní àwo olójú mímú tí ó ń yí bí òòyì. Varuna fún un ní ìkarahun òkun tí wọ́n ń fọn, Vayu fún un ní ọrun àti ọfà, Indra fún un ní ààrá pẹ̀lú agogo tí ó tú lọ́rùn erin tirẹ̀. Himalaya, òkè fúnra rẹ̀, ni ó fún un ní kìnnìún tí yóò máa gùn. Fún ayàwòrán orí òkè, ẹ̀bùn ilé baba rẹ̀ nìyẹn. Ìwé pè é ní kìnnìún, ṣùgbọ́n ẹkùn abìlà, ẹranko igbó ẹsẹ̀ òkè tiwọn, ni ọ̀pọ̀ wọn fi sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ayàwòrán Guler ṣe ya ìjà náà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Orí ẹfọ̀n ti bọ́ sílẹ̀. Láti ibi ọrùn tí ó gé náà ni àǹjọ̀nú ti ń yọ jáde ní ìrísí ènìyàn, ìdajì ara rẹ̀ ṣì wà nínú ẹran, idà rẹ̀ sì wà lókè. Ẹkùn ti so eyín mọ́ ọn lára. Ọwọ́ òrìṣà tàn ká lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ohun ìjà sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, tí a rí láti ẹ̀gbẹ́, tòrò bí omi òwúrọ̀. Iwájú orí kò wú, ètè kò fà, òrùka imú rẹ̀ wà ní ipò rẹ̀. Bí a bá fi ìka bo ìsàlẹ̀ bébà, tí ó ku ojú yẹn nìkan, a ó rò pé obìnrin kan ni ó jókòó létí fèrèsé tí ó ń gbọ́ orin.

Inú ìwé ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí ìjà parí, àwọn òrìṣà dúró, wọ́n ń yin Durga, ẹnu sì ń yà wọ́n pé ojú tí ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, tí ó dà bí òṣùpá, ni Mahishasura rí tí ó tún lè gbé ọwọ́ ìjà sókè. Wọ́n tún sọ níbẹ̀ pé lára rẹ̀ nìkan ni àánú inú àti ògbójú ogun ti pàdé. Ayàwòrán Guler kò kọ ọ̀rọ̀ yìí sórí bébà. Ó pín in sára òrìṣà náà: ó kó ogun sí ọwọ́, ó fi àánú sí ojú.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan dé nínú ìwé náà tí ojú yẹn ṣú. Àǹjọ̀nú méjì, Chanda àti Munda, kó ọmọ ogun wá láti fi agbára mú un. Ojú rẹ̀ di dúdú bí ìkùukùu òjò, Kali sì bẹ́ jáde láti iwájú orí rẹ̀. Níhìn-ín ni ọwọ́ ayàwòrán yí padà pátápátá. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ nípa bí a ṣe ń ya obìnrin arẹwà ni wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ara Kali gbẹ, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ọmú rẹ̀ ti já wálẹ̀, ojú rẹ̀ wọnú ó sì pọ́n. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, awọ ẹkùn ni ó ró mọ́dìí. Ó fi agbárí sọ ẹ̀gbà ọrùn. Nínú àwọn àwòrán mìíràn, orí tí ó ṣì ní ẹran lára ni ẹ̀gbà náà, wọ́n sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irunmú tirẹ̀, pẹ̀lú ìpéǹpéjú tí ó padé tirẹ̀, ní irú ìṣọ́ra tí wọ́n fi ń to péálì. Kò sí orí tí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, títí dé ti ọ̀tá.

Ìṣẹ́gun Kali tí ó le jù lọ ni ti Raktabija. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá kan ilẹ̀ á di àǹjọ̀nú mìíràn bíi tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣá a ni ó ń pọ̀ sí i. Ọ̀ràn rẹ̀ dà bí èpò tí a ń tu tí ó ń hù. Durga bá sọ fún Kali pé kó la ẹnu rẹ̀. Kali la ẹnu, ó ń gbé gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà mì kó tó dé ilẹ̀, ó ń gbé àwọn àǹjọ̀nú kéékèèké tí ó ti hù mì pẹ̀lú, títí tí Raktabija fi gbẹ tí ó sì ṣubú. Ẹnu tí ó ń dẹ́rù bani yẹn, ahọ́n gígùn yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n wà fún. Ibi tí ibi ti ń bí ara rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á sínú ara tirẹ̀ kó má baà kan ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí ni ahọ́n Kali kò ti jẹ́ ohun ìríra lójú mi mọ́.

Òmíràn tún wà tí ó ju èyí lọ, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó. Ní Kangra, ní nǹkan bí ọdún 1800, wọ́n ya òrìṣà tí ń jẹ́ Chinnamasta. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́ orí ara rẹ̀, ó sì gbé orí náà dání. Ẹ̀jẹ̀ tú láti ọrùn rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan wọ ẹnu orí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, méjì yòókù ṣẹ́ bí òṣùmàrè pupa, wọ́n sì wọ ẹnu àwọn obìnrin méjì tí ó dúró ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ àti ìyàwó kan ń bára wọn lò pọ̀ lórí òdòdó omi. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i á fẹ́ gbójú kúrò. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn wí? Ó ní òun àti àwọn obìnrin méjì wọ̀nyí lọ wẹ̀ lódò. Ebi wá ń pa wọ́n. Wọ́n tọrọ oúnjẹ, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n tún tọrọ, wọ́n rán an létí pé ìyá ni. Ìyá kò rí ohun mìíràn fún wọn, ó bá bẹ́ orí ara rẹ̀ kí wọ́n lè jẹun. Ayàwòrán Kangra tí ó ya á fi òdòdó yí i ká, ó sì ya òkè tútù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tí ó ti fi oyún àti ọyàn bọ́ ọmọ rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí àwòrán yẹn.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbé gbogbo èyí ró kò kéré. Wọ́n á lẹ bébà bíi mélòó kan lé ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní wasli, wọ́n á fi òkúta jíjọ̀lọ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fà á síwá sẹ́yìn títí tí bébà yóò fi rọ̀ lójú tí yóò sì le nínú. Wọ́n á fa ìlà àkọ́kọ́, wọ́n á kun ọ̀dà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ lé e kí ó lè máa hàn fírífírí lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fa ìlà tí ó dájú sórí rẹ̀. Inú òkúta ilẹ̀ ni àwọ̀ pupa ti wá. Aró wá láti inú ewé, dúdú wá láti ara èéfín fìtílà, wúrà ni wọ́n sì lọ̀ tí wọ́n fi ń ya wúrà. Gọ́ọ̀mù ara igi ni ó ń mú gbogbo rẹ̀ di bébà mú. Irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ sì lè tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìpéǹpéjú ẹni tí kò ga ju ìka lọ ṣeé yà níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ ya péálì ní Basohli, wọ́n á jẹ́ kí ọ̀dà funfun ki, wọ́n á kán an sílẹ̀ kí ó ga lórí bébà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, péálì náà á ní òjìji tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á wà lórí àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, yẹ́lò tí ó gbóná bí ọ̀sán, pẹ̀lú etí pupa yíká. Kò sí igi púpọ̀, kò sí ilé púpọ̀, kò sí ibi tí ojú lè sá sí. Ìwọ àti òun ni.

Àwọn wo ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ ìlú àti ti ọba nìkan ni a fi ń pe àwọn àwòrán náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. N. Goswamy, tí ó kú ní ọdún 2023, ni ó yí i padà. Ó mọ̀ pé àwọn ará òkè máa ń lọ sí Haridwar, létí odò Ganges, láti lọ ṣe ètùtù òkú wọn, àti pé àwọn àwòrò ibẹ̀ ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sí láti ìran dé ìran. Ó tú ìwé wọ̀nyẹn, ó sì bá àwọn ayàwòrán níbẹ̀: baba, ọmọ, ọmọ ọmọ. Ní ọdún 1968, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi hàn pé ìdílé ni orísun àrà inú àwọn àwòrán náà, ju ìlú tàbí ọba lọ. Nípasẹ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ Pandit Seu ti Guler àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Manaku àti Nainsukh. Ìtumọ̀ Nainsukh ni ìdùnnú ojú, òun fúnra rẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé, ó tún ya àwòrán, sínú ìwé àwòrò kan ní Haridwar. Ti Basohli náà ní ìdílé tirẹ̀. Ọ̀wọ́ Tantric Devi tí mo fi bẹ̀rẹ̀, Kripal ará Nurpur ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣe é. Devidasa ọmọ rẹ̀ ya ọ̀wọ́ mìíràn, Rasamanjari, fún ọba Kirpal Pal ti Basohli ní ọdún 1695, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i; Golu ọmọ Devidasa tún gba búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn baba rẹ̀. Ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ gé èèpo kòkòrò fún adé òrìṣà kọ́ ọwọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ojú líle tí a ń wò yìí, ogún ìdílé ni.

Àwọn àwòrán náà ti kúrò ní orí òkè. Àwọn bébà Tantric Devi ti fọ́n ká. Díẹ̀ wà ní Metropolitan Museum ní New York, òmíràn wà ní Washington, Kali tí ó ń kọlu àǹjọ̀nú Nisumbha, iṣẹ́ Guler ti nǹkan bí ọdún 1740, sì wà ní Cleveland. Iṣẹ́ náà kò kú nílé. Ní ọdún 2023 ni ìjọba Íńdíà fi òfin dá àwòrán Basohli mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ìlú náà, lẹ́yìn tí ti Kangra ti gba irú àmì bẹ́ẹ̀ ní 2012. Inú mi dùn sí i, nítorí ọwọ́ tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe á gbàgbé ohun tí ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kò lè fún wa. Bébà tí wọ́n yà kí ọwọ́ lè máa yí i ti di ohun tí ó dúró sójú kan lẹ́yìn gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kéré, kí ọ̀dà má baà ṣá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́ kí a gbé e. Ẹni tí ó bá dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀ lè rí adé tí ó ní àmì dúdú díẹ̀ lára, kó sì kọjá lọ. Nígbà tí bébà kò lè yí mọ́, àwa ni a óò yí. Kí a tẹ̀ síwájú, kí a rẹ orúnkún sílẹ̀ díẹ̀, kí a rọra tẹ orí sọ́tùn-ún, kí a tún tẹ̀ ẹ́ sósì, títí tí ewé yóò fi dán, tí aró yóò fi yọ. Yóò sì jẹ́ pé orí wa ti wà nílẹ̀ níwájú Ìyá kí a tó rí i.